Alẹ́ Tí Ọ̀nà Google Ṣì Gba Ṣáínà: Ìtàn Ìwé Ẹ̀rí Ojú Ọ̀nà Íntánẹ́ẹ̀tì

Ní alẹ́ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá ọdún 2018, nígbà tí aago mẹ́wàá ti kọjá díẹ̀ ní Nàìjíríà, àwọn ènìyàn káàkiri ayé bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé Google kò ṣí mọ́. Ẹni tó fẹ́ wá nǹkan kò rí i wá, ilé iṣẹ́ tó sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ ka orí ẹ̀rọ Google jókòó tẹtẹrẹ. Àwọn tó mọ bí a ṣe ń tọ ipasẹ̀ ìsọfúnni rí ohun tó yà wọ́n lẹ́nu. Ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Google ń gba ọwọ́ ilé iṣẹ́ kan ní Rọ́ṣíà bọ́ sí Ṣáínà, ibẹ̀ ló sì ń kú sí. Ó gba ìṣẹ́jú 74 kí nǹkan tó padà bọ̀ sípò.

Ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn ni mo wà nígbà náà. Ní ọjọ́ kejì, ìròyìn láti òkè òkun ti kún orí tábìlì wa, àkọlé wọn sì jọra bí ọmọ ìyá: wọ́n ti já ọ̀nà Google gbà, Ṣáínà ló wà nídìí rẹ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ tiwa. Mo kọ ọ́ bí mo ṣe bá a, mo tilẹ̀ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i. N kò pe onímọ̀ ẹ̀rọ kankan, n kò sì yẹ ohunkóhun wò, nítorí n kò mọ̀ pé ohun kan wà níbẹ̀ tí akọ̀ròyìn lè yẹ̀ wò. Kí ìwé ìròyìn wa tó dé ọwọ́ àwọn fẹ́ńdọ̀, ilé iṣẹ́ MainOne tó wà ní Èkó ti jáde sọ pé àwọn ló ṣe é, pé àṣìṣe ni, pé àtúnṣe tí wọ́n ti gbèrò tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń ṣe sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn nígbà tó ṣẹlẹ̀. Ọmọ ilé wa ló ṣèèṣì júwe ọ̀nà tí kò yẹ kó júwe.

Akọ̀ròyìn a máa ṣe àṣìṣe. Iṣẹ́ kánjúkánjú ni iṣẹ́ wa. Ohun tí n kò lè gbàgbé ni pé ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí wà ní gbangba láti alẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà, tó sì mọ àṣẹ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí yóò tẹ̀ sí i, ì bá ti rí òótọ́ ọ̀rọ̀ kó tó sùn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ́ bí a ṣe ń lo àwọn irinṣẹ́ wọ̀nyí, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ṣe lè kọ́ ọ. Ìtàn wọn, àti ìtàn àwọn ìwé ẹ̀rí tí a fi ń yẹ̀ wò, ni mo fẹ́ sọ.

Ẹdúnàbọ̀n ni mo ti ń kọ èyí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ifẹ̀, láàrin àwọn ìlú Orígbó bíi Ìpetumodù, Mọ́rò, Yákòyó, Aṣípa àti Akínlàlú. Ẹni tó bá ń ti Ifẹ̀ lọ sí Ẹdẹ tàbí Òṣogbo lè gba ọ̀dọ̀ wa kọjá sí Sẹ̀kọ̀nà. Ká ní àlejò kan dé oríta Mọ́rò, tí kò dé agbègbè yìí rí, ohun tó bá wà lára pátákó ni yóò tẹ̀ lé. Bí ẹnì kan bá gbé pátákó síbẹ̀ lóru, tó kọ Ìbàdàn sí i, tó sì tọ́ka sí apá Sẹ̀kọ̀nà, àwọn awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà náà lójoojúmọ́ yóò rẹ́rìn-ín, wọn yóò sì bá tiwọn lọ. Íntánẹ́ẹ̀tì kò ní irú awakọ̀ bẹ́ẹ̀. Pátákó nìkan ló ní.

Bí ó ṣe rí nìyí. Íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ṣoṣo. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló so mọ́ra wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà tirẹ̀. Nọ́ńbà MainOne ni 37282. Ti Google ni 15169. China Telecom ń lo 4809, ilé iṣẹ́ TransTelecom ti Rọ́ṣíà sì ń lo 20485. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan a máa sọ fún àwọn aládùúgbò rẹ̀ pé, "Bí ẹ bá ń wá àwọn àdírẹ́sì báyìí báyìí, ẹ gba ọ̀dọ̀ mi." Aládùúgbò náà yóò fi nọ́ńbà tirẹ̀ síwájú ọ̀rọ̀ náà, yóò sì sọ ọ́ fún ẹlòmíràn, títí tí yóò fi yí ayé ká. Ẹ̀rọ ráútà ló ń gbọ́ àwọn ọ̀rọ̀ yìí tó sì ń gbà wọ́n gbọ́. Èdè tí wọ́n fi ń bá ara wọn sọ ọ́ ni wọ́n ń pè ní BGP.

Orí bébà ìnuwọ́ ni wọ́n ti bí BGP. Ní oṣù Kìíní ọdún 1989, níbi ìpàdé kan ní ìlú Austin ní ìpínlẹ̀ Texas, Kirk Lougheed ti ilé iṣẹ́ Cisco àti Yakov Rekhter ti IBM jókòó jẹun ọ̀sán, wọ́n sì ya àwòrán rẹ̀ sórí bébà tó wà lórí tábìlì. Ohun tí yóò gbà wọ́n sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ni wọ́n ń wá. Àwọn tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì nígbà náà kò pọ̀, àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ sì mọ ara wọn lójú. Kò sí ẹni tó ronú pé irọ́ yóò wọ ọ̀rọ̀ náà, nítorí náà wọn kò fi ibi tí a ti lè bi ẹnì kan pé "Ta ló rán ọ?" sínú rẹ̀.

Kò pẹ́ tí àìsí ìbéèrè yẹn fi hàn. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin ọdún 1997, ilé iṣẹ́ kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Virginia, tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ 7007, ṣèèṣì sọ fún ayé pé ọ̀dọ̀ òun ni ọ̀nà tó dára jù lọ sí apá tó pọ̀ nínú íntánẹ́ẹ̀tì. Ayé gbà á gbọ́. Wọ́n yọ wáyà ráútà náà kúrò, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ tó ti sọ ṣì ń rìn káàkiri fún wákàtí mélòó kan.

Ti Pakísítàn ló gbajúmọ̀ jù. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 2008, ìjọba ibẹ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n ti YouTube pa mọ́ àwọn ará ìlú wọn. Ilé iṣẹ́ Pakistan Telecom wá gbé pátákó èké kan kalẹ̀ fún àwọn oníbàárà wọn, pé ọ̀dọ̀ àwọn ni YouTube wà. Pátákó yìí kò dúró sílé. Ó gba ọwọ́ ilé iṣẹ́ PCCW ti Hong Kong jáde, YouTube sì kú mọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ káàkiri ayé fún nǹkan bíi wákàtí méjì. Ìdí tí irọ́ fi borí òótọ́ níbẹ̀ yẹ fún àlàyé. YouTube ti kéde àdírẹ́sì 1,024 tirẹ̀ papọ̀ bí odidi kan. Pakísítàn kéde 256 péré nínú wọn. Ráútà gbà pé ẹni tó bá júwe ibi tó kéré jù ló mọ ọ̀nà jù: ẹni tó sọ pé "ilé alágbẹ̀dẹ tó wà lẹ́yìn ọjà Ẹdúnàbọ̀n" ni yóò tẹ̀ lé, kì í ṣe ẹni tó kàn dárúkọ ìlú.

Ṣèèṣì ni méjèèjì yẹn. Ti ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin ọdún 2018, oṣù méje péré ṣáájú alẹ́ ọjọ́ MainOne, olè pọ́ńbélé ni. Wọ́n kéde díẹ̀ lára àdírẹ́sì Amazon bí ẹni pé tiwọn ni, wọ́n fi darí àwọn tó fẹ́ lọ sí ojú ewé kan tí wọ́n ń tọ́jú owó orí íntánẹ́ẹ̀tì sí, wọ́n sì kó nǹkan bíi 150,000 dọ́là lọ. Ẹ ò rí i pé àkọlé olè tí a fi sí ìròyìn MainOne ní ohun tó fà á. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí ni, tó rí ekòló tó sá.

Kí wá ni wọ́n ṣe sí i? Láti nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1990 ni Stephen Kent àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ BBN ní Amẹ́ríkà ti gbé àbá kan kalẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní kíkún ní ọdún 2000, tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní S-BGP. Àbá náà ní apá méjì. Àkọ́kọ́: kí gbogbo ẹni tó ní àdírẹ́sì ní ìwé ẹ̀rí tí a buwọ́ lù, tí a kò lè yí padà. Èkejì: kí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ọ̀rọ̀ náà bá gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá buwọ́ lu ìpín tirẹ̀, kí a lè mọ̀ pé òótọ́ ni ọ̀nà tí wọ́n ní ó gbà. Ráútà ìgbà náà kò lágbára tó láti gbé irú ẹrù yẹn, àwọn oníṣòwò kò sì ṣetán láti náwó sí i. Apá kejì kú sójú ọ̀nà. Apá kìíní ni wọ́n mú: ìwé ẹ̀rí oní-àdírẹ́sì. Wọ́n kọ ìlànà rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 2004, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ ní ọdún 2011, odidi àlàyé ètò náà sì jáde ní oṣù Kejì ọdún 2012. Orúkọ tí wọ́n ń pè é ni RPKI.

Yorùbá tó bá ti ra ilẹ̀ rí yóò lóye rẹ̀ kíá. Ọba ló ni ilẹ̀, ó fún baálẹ̀, baálẹ̀ fún mọ́gàjí, mọ́gàjí fún ẹni tó fẹ́ kọ́lé, ẹni kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ ní ìwé tí ẹni tó wà lókè rẹ̀ buwọ́ lù. Àwọn tó wà ní ipò ọba nínú ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ márùn-ún ní gbogbo ayé. Ti Áfíríkà ni AFRINIC, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Ebène ní orílẹ̀-èdè Mauritius. Àjọ ICANN fọwọ́ sí i ní ọdún 2005, ọmọ Tógò kan, Adiel Akplogan, sì ni ọ̀gá àgbà rẹ̀ àkọ́kọ́. AFRINIC a máa buwọ́ lu ìwé ẹ̀rí fún ilé iṣẹ́ Nàìjíríà tó bá gba àdírẹ́sì lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà yóò wá fi ìwé ẹ̀rí yẹn buwọ́ lu ìwé kékeré kan tí wọ́n ń pè ní ROA, tó ń sọ pé: àwọn àdírẹ́sì báyìí báyìí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ní nọ́ńbà báyìí nìkan ló lè kéde wọn. Ráútà tó bá gbọ́ ìkéde yóò fi wé ROA. Bí ó bá bá a mu, ó gbà á. Bí ó bá lòdì sí i, ó dà á nù. Bí kò bá sí ìwé rárá, ó gbà á bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ṣì wà láyé tí kò ní ìwé. Ọdún 2024, ní oṣù Karùn-ún, ni àwọn ọ̀nà IPv4 tó ní ìwé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ju ìdajì lọ.

Ká ní ètò yìí ti wà tí gbogbo ayé sì ń lò ó ní ọdún 2008, pátákó Pakísítàn kì bá ti jìnnà. ROA YouTube yóò sọ pé nọ́ńbà YouTube nìkan ni, nọ́ńbà Pakistan Telecom yóò sì lòdì sí i. Ti Amazon pàápàá yóò rí bẹ́ẹ̀.

Gbogbo ìwé wọ̀nyí wà ní gbangba. Ẹnikẹ́ni ló lè kó wọn wálẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ìwé tí kọ̀ǹpútà kọ sí kọ̀ǹpútà ni wọ́n. Bí o bá ṣí i lásán, ràkọràkọ ni wàá rí. Níbí ni àwọn irinṣẹ́ wọlé. Ìlànà ìgbàanì ni wọ́n fi ń lò wọ́n: ojú dúdú, lẹ́tà funfun, o tẹ ọ̀rọ̀ àṣẹ, ó dá ọ lóhùn. Kò sí àwòrán, kò sí bọ́tìnì. Àwọn ọ̀dọ́ tó rí mi nídìí rẹ̀ ní ilé máa ń bi mí bóyá kọ̀ǹpútà mi ti bàjẹ́. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ báyìí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń fà bí ìgbín kò dí i lọ́wọ́ púpọ̀, ohun tó bá sọ ṣeé kọ pamọ́, ó ṣeé fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn kí òun náà tẹ àṣẹ kan náà wò. Fún akọ̀ròyìn, èyí ṣe pàtàkì ju ẹwà lọ.

Lára àwọn àgbà nínú irinṣẹ́ wọ̀nyí ni èyí tí Rob Austein àti Randy Bush ṣe agbátẹrù rẹ̀. Rcynic ni ohun tí wọ́n fi ń kó ìwé ẹ̀rí jọ tí wọ́n sì ń yẹ ìtẹ̀lé wọn wò láti òkè dé ìsàlẹ̀; print_roa sì ni èyí tó ń ka ROA jáde ní ohun tí ojú ènìyàn lè mọ̀. Orúkọ Randy Bush kò ṣàjèjì sí àwọn tó kọ́kọ́ fa íntánẹ́ẹ̀tì wọ Áfíríkà. Òun wà lára àwọn tó dá NSRC sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, àjọ tó ti ń ran àwọn yunifásítì àti onímọ̀ ẹ̀rọ ilẹ̀ wa lọ́wọ́ láti ọdún 1992. Àjọ RIPE náà ṣe irinṣẹ́ tirẹ̀ ní Yúróòpù, ṣùgbọ́n wọ́n fi í sílẹ̀ ní ọdún 2021. Èyí tó gbilẹ̀ lónìí ni Routinator, tí NLnet Labs ṣe ní ìlú Amsterdam, àti rpki-client, tí àwọn OpenBSD ṣe, tó sì bá ẹ̀yà 6.7 ètò wọn jáde ní ọdún 2020.

Rpki-client ni mo lò jù. Bí o bá tẹ rpki-client, tí o fi -f sí i, tí o sì dárúkọ fáìlì tí o fẹ́, yóò ka ìwé náà fún ọ: ta ló buwọ́ lù ú, ìgbà wo ni yóò parí, àdírẹ́sì wo ló wà nínú rẹ̀, nọ́ńbà ta ni, àti bóyá ìtẹ̀lé rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ọba. Routinator tìrẹ, ìbéèrè ni o máa bi í. O tẹ routinator validate, o fún un ní nọ́ńbà àti àdírẹ́sì, yóò sì sọ bóyá ó bófin mu, bóyá ó lòdì, tàbí bóyá kò rí ìwé kankan. Openssl, tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ti ní tẹ́lẹ̀, lè ṣí ìwé ẹ̀rí náà pẹ̀lú. Ohun kan wà nínú tirẹ̀ tí mo máa ń dúró wò. Tó bá dé ibi tí wọ́n kọ àdírẹ́sì sí, orúkọ tó ń pe apá yẹn ni sbgpipAddrBlock, tí ó fi àmì fàlà sáàrin: sbgp-ipAddrBlock. S-BGP tí ayé kò gbà lọ́wọ́ Kent ní ọdún 2000 ṣì ń fi orúkọ rẹ̀ hàn nínú ìwé ẹ̀rí gbogbo àgbáyé, bí orúkọ bàbá àgbà tó kú tí ó ṣì wà lára ògiri ilé.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká padà sí Èkó.

Ilé iṣẹ́ MainOne kì í ṣe ilé iṣẹ́ yẹpẹrẹ. Funke Opeke tó dá a sílẹ̀, Ifẹ̀ níbí ló ti kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ mànàmáná, ní yunifásítì tí a ń pè ní Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí. Ní ọdún 2010, wáyà abẹ́ òkun tí ó gùn tó nǹkan bíi 7,000 kìlómítà, láti Pọ́túgà dé Èkó, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lábẹ́ ìdarí rẹ̀. Ìgbà tí a ṣì ń fi káfè ra ìṣẹ́jú ni. Iye tí wáyà yẹn ti dín kù nínú owó dátà wa kì í ṣe kékeré. Equinix ti Amẹ́ríkà ra ilé iṣẹ́ náà ní ọdún 2022.

MainOne àti Google jẹ́ aládùúgbò ní IXPN, ibùdó tí àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì Nàìjíríà ti ń pàdé ní Èkó. Google sọ ọ̀nà ilé rẹ̀ fún MainOne kí àwọn oníbàárà MainOne lè rí i kíákíá. Láàrin aládùúgbò, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í kúrò nínú ilé. Asẹ́ kan wà tí wọ́n fi ń jọ̀ ọ́, kí ohun tó jẹ́ ti ilé má bàa bọ́ síta. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àtúnṣe, asẹ́ náà ya. Ọ̀nà Google tó lé ní 200, 212 gẹ́lẹ́ gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ń ṣọ́ ọ ṣe kà á, bọ́ sí etí China Telecom. China Telecom kò ní asẹ́ tirẹ̀ tó yẹ kó dá a dúró. Ó gbà á, ó sì sọ ọ́ fún TransTelecom àti àwọn mìíràn. Ayé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ sí Ṣáínà.

Yunifásítì Oregon ní Amẹ́ríkà ní àkójọ kan tí wọ́n ń pè ní RouteViews, tó ń gba ìkéde ọ̀nà sílẹ̀ lójoojúmọ́, tí kò sì ń pa á rẹ́. Irinṣẹ́ tí a fi ń kà á ni bgpdump. Ọ̀nà tó ń fi ara hàn nínú àwọn ìkéde alẹ́ ọjọ́ yẹn nìyí: 20485 4809 37282 15169. Láti apá òsì ni ẹ ti máa kà á: Rọ́ṣíà, Ṣáínà, MainOne, Google. Nọ́ńbà mẹ́rin péré, ó sì tó láti túṣù gbogbo àkọlé wa. Bí Ṣáínà bá jí ọ̀nà náà gbé ni, nọ́ńbà Ṣáínà ni ì bá wà ní ìparí. Google ló wà ní ìparí, MainOne ló sì dúró tì í. Ẹni tó bá wo ìlà yìí mọ ibi tí omi ti jò.

Ẹ wá fi nọ́ńbà tó kẹ́yìn yìí wé ROA. Ká ní Google ti ní ROA lórí gbogbo àdírẹ́sì rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà, ká sì ní China Telecom ń yẹ ìwé wò tọkàntọkàn. Ìwé sọ pé 15169 ló ni àdírẹ́sì. Ìkéde sọ pé 15169 ló ni àdírẹ́sì. Ó bófin mu. Routinator ì bá dáhùn bẹ́ẹ̀, rpki-client ì bá dáhùn bẹ́ẹ̀, Google ì bá sì ṣì kú fún ìṣẹ́jú 74. Ìwé ilẹ̀ ń sọ ẹni tó ni ilé; kò sọ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti júwe ọ̀nà ibẹ̀ fún àlejò. Apá kejì àbá Kent, tó kú sójú ọ̀nà, pàápàá kì bá ti dá a dúró, nítorí òótọ́ ni ọ̀nà tí wọ́n ní ó gbà.

Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó yẹ kó mọ̀ ọ́n, ní àpérò kan lẹ́yìn náà, pé bí a bá ti ní ìwé ẹ̀rí tán, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí MainOne kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì tẹ àṣẹ náà wò. Àbá tó lè yanjú rẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń pè ní ASPA: ìwé mìíràn tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan yóò fi kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn wọ̀nyí nìkan ló ń gbé mi lọ sí ìta. Ó ti wà lórí tábìlì àjọ IETF fún ọ̀pọ̀ ọdún. Rpki-client ti mọ̀ ọ́n kà. Fáìlì tó bá ní.asa nídìí ni.

Ìwé ẹ̀rí fúnra rẹ̀ ní ewu tirẹ̀, ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá kò nílò kí n sọ fún un. Ẹni tó di èdìdì mú lè tẹ̀ ẹ́ sórí irọ́. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kìíní ọdún 2024, ẹnì kan wọ àkáǹtì ilé iṣẹ́ Orange ti Sípéènì lọ́dọ̀ àjọ RIPE. Ọ̀rọ̀ aṣínà wọn kò ju ripeadmin lọ. Ó kọ ROA èké sórí àdírẹ́sì Orange, gbogbo ráútà tó ń yẹ ìwé wò sì ń da ìkéde tòótọ́ Orange nù, nítorí ó lòdì sí ìwé. Nǹkan bí ìdajì íntánẹ́ẹ̀tì wọn lọ fún wákàtí mẹ́ta. Àwọn tó ń tẹ̀ lé òfin ni wọ́n fi òfin na Orange.

Ní ilé tiwa ní Áfíríkà, ọ̀rọ̀ náà tún wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àkọsílẹ̀ tí AFRINIC fi ń mọ ẹni tó ni àdírẹ́sì ni ìwé ẹ̀rí náà dúró lé, àyẹ̀wò tí AFRINIC fúnra rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 2021 sì fi hàn pé wọ́n ti gba ọ̀nà ẹ̀bùrú gbé àdírẹ́sì tó lé ní 4,000,000 fún ẹni tí kò tọ́ sí. Ọmọ onílẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà. Ní ọdún yẹn kan náà, nínú ẹjọ́ pẹ̀lú ilé iṣẹ́ kan tó gba àdírẹ́sì rẹpẹtẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ilé ẹjọ́ ní Mauritius ti àkáǹtì àjọ náà ní báńkì pa. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ilé ẹjọ́ fi AFRINIC sí abẹ́ alábòójútó. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 ni wọ́n tó dìbò yan ìgbìmọ̀ tuntun. Ní gbogbo àkókò yẹn, ìwé ẹ̀rí ọ̀nà gbogbo Áfíríkà wà lábẹ́ òrùlé ilé tí àwọn agbẹjọ́rò ń jà lé lórí. Bí ìwé bá kàn kọjá ọjọ́ ìparí rẹ̀, a kò ní já wa kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìkéde wa yóò padà sí ti ẹni tí kò ní ìwé, ọ̀nà yóò sì ṣí fún olè bíi ti àtijọ́. Ìròyìn ẹjọ́ yìí kò rí ojú ewé iwájú ní ilẹ̀ wa. Ojú ewé iwájú tí Ṣáínà gbà lọ́wọ́ mi ní ọdún 2018 ì bá tọ́ sí i jù.

Ní bí oṣù mélòó kan sẹ́yìn, mo jókòó nílé ní Ẹdúnàbọ̀n lálẹ́, mo ń kó àkójọ alẹ́ ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá ọdún 2018 wálẹ̀ láti Oregon. Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì. Mo fi bátìrì parí rẹ̀. Bí mo ṣe lo bgpdump lálẹ́ ọjọ́ náà, kò kọ aago bí a ṣe ń kọ ọ́. Iye ìṣẹ́jú-àáyá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970 ló ń kọ. Mo ṣírò rẹ̀ sórí bébà: 1542057120 ni aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú 12 ní alẹ́ ọjọ́ náà ní Nàìjíríà. Láti ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá nọ́ńbà 37282, mo sì ń rí i, ìlà lé ìlà, Ṣáínà níwájú rẹ̀, Google lẹ́yìn rẹ̀.

Lẹ́yìn náà mo wá ìròyìn tí mo kọ nígbà náà lọ. Ó ṣì wà níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ mi. Wọ́n kò yí àkọlé rẹ̀ padà.